Ibi Tí Kò Séèyàn

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Òkè Baálẹ̀, l'Óṣogbo, kò ní ariwo nínú, ìyẹn gan-an sì ni àléébù rẹ̀ lójú àwọn èèyàn mi. Bátìrì ńláńlá ni mo máa ń fi háyà fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó, fún àwọn tó ní ilé ìwòsàn kéékèèké, àti fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ iná fún ọjọ́ díẹ̀. Oòrùn orí òrùlé mi ni mo fi ń gba iná sínú wọn. Bí ọjọ́ iṣẹ́ bá pé, awakọ̀ mi á gbé wọn débẹ̀, màá so wáyà, iná á tàn, fáànù á máa yí, gbohùngbohùn á máa pariwo tó bá wu onínàáwó. Kò ní èéfín, kò ní òórùn. Bí ọmọ ọwọ́ bá sùn tì í, kò ní jí.

Ohun tí àwọn oníbàárà sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Níbo ni ariwo rẹ̀ wà?" Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, etí la fi ń mọ ẹni tó rí ṣe. Bí jẹnẹrétọ̀ ò bá tíì máa bú ládùúgbò, a ò tíì gbà pé ìnáwó ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ bẹ̀ mí lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀ pé kí n bá òun wá jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí yóò kàn máa dún lẹ́yìn ilé, kí àwọn ará ilé ọkọ òun má baà rò pé ṣe ni òun lọ fa iná aládùúgbò. Inú bí mi, mo sì tún rẹ́rìn-ín. Nígbà náà mo ṣì lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn wòlé-wòlé kiri nítorí èéfín, mo rò pé ọ̀nà mi ti là. Wọ́n ní òfin ti wà: jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ̀lì tó bá ti gbó, tó ń tu èéfín dúdú, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ láàárín ìgboro. Sàlẹ́ńsà rẹ̀, ìyẹn páìpù tí èéfín ń gbà jáde, gbọ́dọ̀ ga ju òrùlé lọ, ẹnu rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kọjú sí fèrèsé ẹnikẹ́ni. Mo há òfin yìí sórí. Mo máa ń kà á fún oníbàárà bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì. N kò mọ̀ nígbà náà pé ohun tí òfin wí yàtọ̀ sí ohun tí ẹnu wòlé-wòlé máa wí nígbà tí wọ́n bá ti gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀.

Bàbá mi kú ní Iléṣà. Àgbẹ̀ kòkó ni, ó gbó kó tó lọ, ikú rẹ̀ kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìyá mi nìkan ni ìyàwó tó fẹ́. Ikọ́ fée ti ń bá ìyá mi jà láti abà kòkó, níbi tó ti fi igi tútù dáná fún àwọn lébírà láti ìgbà tó ti wà ní ọ̀dọ́ títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Bí ó bá fa èéfín díẹ̀ símú báyìí, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ojú rẹ̀ á yọ, á máa wá afẹ́fẹ́ bí ẹni ń wá nǹkan tó sọnù. Ó ní ìgò oògùn kékeré kan tó máa ń fín sẹ́nu, kò sì fi í sílẹ̀ níbikíbi. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ l'Óṣogbo ti kìlọ̀ fún mi níṣojú rẹ̀ pé, bí èéfín bá tún ká a mọ́ ibi kan pẹ́, àyà náà lè má là mọ́. Nítorí náà, nígbà tí gbogbo ẹbí ń sọ̀rọ̀ aṣọ àti ẹran, èémí ìyá mi ni èmi ń rò. N kò fẹ́ sin òkú méjì.

Mo lọ bá àbúrò bàbá mi, òun ló di olórí ẹbí, Bàbá Kékeré là ń pè é. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí a gbọ́ òun ni. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ará òde á dáhùn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé bátìrì mi wá fún ìsìnkú yìí. Tèmi ni, n kò ní gba nǹkan kan."

"Bátìrì? Tọ́ọ̀ṣì la fẹ́ fi sìnkú ẹ̀gbọ́n mi ni?"

Àwọn tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Mo ní bátìrì náà á gbé gbogbo iná àti orin, mo ní kò ní èéfín, mo ní wọ́n mọ̀ bí ara ìyá mi ṣe rí.

Ó ní, "Ùwọ ọma yìí, àgbà òkú la fẹ́ sin, o wá fẹ́ ká sin ín ní ìdákẹ́jẹ́ bí ẹni ń jí ẹran gbé? Gbogbo Ìjẹ̀ṣà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Yéye rẹ, inú yàrá opó ló máa wà. Kí ló kàn án?"

Ibi tó ti lọ háyà jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń wa góòlù ní Ìtàgunmódì ló ni ín, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi kúrò nínú kòtò lọ́sàn-án lóru. Nígbà tí wọ́n fi tírọ́ọ̀kì gbé e dé, ẹrẹ̀ pupa ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ìdérí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti já, wọ́n fi wáyà dè é. Wọ́n tan án wò. Ó kọ́kọ́ hukọ́, ilẹ̀ mì, èéfín dúdú kan tú jáde tó bo igi máńgòrò. Inú Bàbá Kékeré dùn, ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀! Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní jẹnẹrétọ̀!"

Nínú ẹbí bàbá mi, obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú máa ń wọ yàrá kan lẹ́yìn ilé láti ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, kì í jáde níbẹ̀ títí di ọjọ́ Àìkú tí a bá lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí àwọn ìyàwó ilé á wẹ̀ ẹ́, tí wọn á wọ̀ ọ́ ní aṣọ funfun, tí wọn á mú un jáde. Kì í lọ sí ibojì. Kì í yọjú lójú fèrèsé. Kì í gbé ohùn sókè, ohun yòówù kó ṣe é. Obìnrin tí kò bá tíì ṣe opó rí kò gbọ́dọ̀ bá a jókòó, èmi ọmọ bíbí inú rẹ̀ náà kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ ti wàásù lòdì sí i títí, ó ti sú u. Bàbá Kékeré máa ń sọ pé pásítọ̀ ló ni ṣọ́ọ̀ṣì, òun kọ́ ló ni yàrá.

Mo gbìyànjú láti bá ìyá mi sọ ọ́. Mo ní, "Yéye, ẹ má wọ yàrá yẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ jókòó sílé ìyá pásítọ̀ títí a fi máa ṣe tán."

Ó wò mí bí ẹni tó gbọ́ èébú. "Ìyá ọkọ mi wọ̀ ọ́. Èmi náà á wọ̀ ọ́. Ṣé kí wọ́n sọ pé mi ò fẹ́ràn bàbá rẹ ni?"

Ó sì wọlé ní tirẹ̀, ó gbé ẹní rẹ̀ dání àti ìgò oògùn rẹ̀. Fèrèsé yàrá náà jẹ́ ti onígíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ àtijọ́, ìdajì gíláàsì rẹ̀ ti fọ́. Aṣọ àlòkù ni wọ́n ta sí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ ìsìnkú, ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí iwájú ilé, níbi tí wọ́n ta kánọ́pì sí fún àwọn àlejò ńlá. Atẹ́gùn ń da èéfín lù wọ́n. Olóyè kan tó wọ agbádá funfun dìde, ó gbọn ara rẹ̀, ó rí àmì dúdú wẹ́wẹ́ lára aṣọ, ó sì gbàgbé pé ilé òkú lòun wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú èèyàn. Kò pẹ́ sígbà náà ni wòlé-wòlé méjì dé lórí ọ̀kadà. Bóyá olóyè náà ló pè wọ́n, bóyá ariwo ẹ̀rọ náà ni wọ́n gbọ́ láti ọ̀nà, n kò mọ̀. Ọ̀kan nínú wọn yọ nǹkan kan jáde tó dà bí rédíò kékeré, ó nà án sí èéfín, ó wo ojú rẹ̀, ó mi orí. Ó ní jẹnẹrétọ̀ yìí kò yẹ kó wà láàárín ìlú rárá, òfin ní kí wọ́n pa á.

Ayọ̀ tó kún inú mi kò ṣeé fẹnu sọ. Mo ti ń ro bí awakọ̀ mi ṣe máa gbé bátìrì dé láti Òṣogbo kí ìsìn tó parí.

Bàbá Kékeré fi ọwọ́ kọ́ wọn lọ́rùn, ó mú wọn lọ jókòó. Wọ́n gbé ìrẹsì wá, wọ́n gbé ẹran tó bo ìrẹsì náà wá, wọ́n gbé ọtí tútù wá. Nígbà tí wọ́n máa fi dìde, òfin ti rọ̀. Èyí tó dàgbà nínú wọn nu ẹnu, ó ní, "Bàbá, ìsìnkú nìyí, a ò ní dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èéfín yìí ń lu àwọn èèyàn. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séèyàn."

Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi. Kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo ní ó sàn ju bó ṣe wà lọ. Ìgbẹ́ wà lápá ọ̀tún ilé wa, ilẹ̀ gbalasa tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ́lé sí, kò sì sí èèyàn tó lè wo ibẹ̀ kó sọ pé kì í ṣe ibi tí kò séèyàn nìyẹn. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti lù. A gbé òkú bàbá mi sínú ọkọ̀, a tẹ̀ lé e; Bàbá Kékeré ní òun ń bọ̀ lẹ́yìn.

Òórùn dísẹ̀lì náà ló kọ́kọ́ pàdé mi nígbà tí a ti ibojì dé. Orin ti ń lọ, àwọn àlejò ti ń jẹun, kánọ́pì mọ́ tónítóní. Mo wo apá ibi tí ìgbẹ́ wà, n kò rí jẹnẹrétọ̀. Mo sáré lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n ti tì í yí ká, ẹnu sàlẹ́ńsà rẹ̀ kò jìnnà sí fèrèsé yàrá opó ju ibi tí ọwọ́ á tó lọ, ògiri tó yí fèrèsé náà ká ti dúdú. Aṣọ tí wọ́n ta síbẹ̀ ń fẹ́ wọlé, ó ń fẹ́ jáde.

Mo pa á. N kò bi ẹnikẹ́ni, mo yí bọ́tìnnì, ó kú. Orin tó ń lọ níwájú ilé gé sí méjì, olórin náà ṣì ń kọ tirẹ̀ lọ lẹ́nu lásán fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ya wèrè. Mo já ilẹ̀kùn yàrá wọlé. Kò sí opó àgbà kankan lọ́dọ̀ ìyá mi, ẹni tí wọ́n fi tì í ti lọ jẹun. Ó jókòó lórí ẹní, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó fi ìborùn dí imú. Ìgò oògùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti tán. Ètè rẹ̀ dà bí aṣọ ẹ̀lú. Kò pariwo. Ó ń wò mí, kò sì lè sọ nǹkan kan.

Obìnrin tó ń se ìrẹsì ló bá mi gbé e. A kò tíì dé ìdí ọkọ̀ tí Bàbá Kékeré fi yọ lára ògiri.

"Ta ló paná?"

"Èmi ni. Ẹ ò rí Yéye ni?"

"O paná òkú bàbá tó bí ọ, lójú àlejò?"

Kò wo ìyá mi. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ lórí èyí, torí mo ti rò ó títí bóyá ojú mi ló ṣì mí rí: kò wò ó. Ó kọjá lára wa, ó lọ sídìí jẹnẹrétọ̀. Kí n tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ẹ̀rọ náà ti tún ń bú.

Nínú ọkọ̀ ni obìnrin alásè yẹn ti sọ fún mi. Ó ní nígbà tí a lọ tán, àwọn tó ń ti ẹ̀rọ náà bi Bàbá Kékeré pé ṣé kí àwọn kọ ọ́ sí ìgbẹ́. Ó ní rárá, tí ó bá wà níbẹ̀ ohùn rẹ̀ ò ní dé ọ̀nà, ògiri ẹ̀yìn ilé ló máa dá ohùn náà padà síwájú. Ẹnì kan ní, "Bàbá, wòlé-wòlé ní síbi tí kò séèyàn o." Ó sì dá a lóhùn pé, "Èèyàn wo ló wà lẹ́yìn ulé? Opó nìkan ló wà ńbẹ̀."

Obìnrin náà ní, "Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, ẹ má bínú. A rò pé àwàdà ni."

Ilé ìwòsàn fún un ní afẹ́fẹ́. Wọ́n fi nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ̀, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, mo dì í lọ́wọ́ mú títí àyà náà fi rọ̀. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ṣí nǹkan náà kúrò lẹ́nu, ó ní kí n súnmọ́ òun. Mo rò pé omi ló fẹ́.

Ó ní, "Ṣé wọ́n ti tan iná padà?"

Mo ní wọ́n ti tan án.

"Ọlọ́run ṣeun." Ó sinmi díẹ̀. "O dójú ti bàbá rẹ. Àwọn àlejò á sọ pé dísẹ̀lì tán lọ́wọ́ wa."

Mo kórìíra rẹ̀ lákòókò yẹn, ìyá mi tí mo gbé sá wá síbẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀, mo sì tún fẹ́ gbé e pọ̀n. Mo jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún títí nọ́ọ̀sì kan fi wá bi mí bóyá ó ti kú.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Kékeré wá, ó gbé ọsàn dání. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, n kò gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó ní, "Ìyàwó wa, a ti kọ ẹnu ẹ̀rọ yẹn sí ọ̀nà. Kò séèfín nínú yàrá mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Mo ní dókítà ò gbà. Ó ṣe bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ mọ ẹnu ayé. Opó tó bá jáde kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ohun tí wọn á máa sọ ni pé ó mọ̀ nípa ikú ọkọ rẹ̀. Èmi ò lè dí wọn lẹ́nu."

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń gba èèyàn nímọ̀ràn. Ìyá mi ti ń wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Yéye, ẹ ò lọ síbì kankan."

"Kúrò lọ́nà."

"Wọ́n fẹ́ pa yín ni."

"Bí o bá dá mi dúró, má sọ fún ẹnikẹ́ni mọ́ pé èmi ni mo bí ọ." Ó yíjú sí Bàbá Kékeré, ẹni tó kéré sí i lọ́jọ́ orí dáadáa. "Ọkọ mi, ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo tẹ̀ lé wọn padà sílé, mo lọ wò ó fúnra mi. Òótọ́ ni, ẹnu sàlẹ́ńsà ti kọjú sí ọ̀nà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí a tó lọ fún ìdúpẹ́, mo tún lọ wò ó. Ó ṣì kọjú sí ọ̀nà, atẹ́gùn ń gbé èéfín lọ sórí títì, yàrá ìyá mi mọ́. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kí i. Ó dáhùn, ohùn rẹ̀ le díẹ̀, ó ní kí n bá òun fi ọpẹ́ sílẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Gbogbo ọmọ olóòkú ló gbọ́dọ̀ jó lọ síwájú pẹpẹ. Mo lọ.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Bàbá Kékeré ti pàṣẹ sílẹ̀ kí òun náà tó wọ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní tí àwọn àlejò bá ti ń gba ọ̀nà yẹn wọlé, kí wọ́n dá ẹ̀rọ náà padà sẹ́yìn ilé, síbi fèrèsé tó wà lọ́jọ́ Ẹtì. Ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí aṣọ olóyè kankan dúdú mọ́. Wọ́n ṣe bó ṣe wí. Bí a ṣe ń kọ orin ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi jókòó sórí ẹní, ẹ̀rọ àwọn awagóòlù ń mí sí i lójú.

Nígbà tí a dé, àwọn ìyàwó ilé ti wẹ̀ ẹ́ tán, wọ́n ń mú un bọ̀ níta pẹ̀lú orin. Aṣọ funfun ló wọ̀. Ojú rẹ̀ rí bí eérú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ sí orin náà, àwọn èèyàn hó yèè, wọ́n ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Mo súnmọ́ ọn láti dì í mú, mo sì rí inú ihò imú rẹ̀. Wọ́n ti wẹ gbogbo ara rẹ̀, wọn ò wẹ ibẹ̀. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo ní, "Yéye, ṣé wọ́n dá a padà?"

"Ó ti parí," ló wí. Àyà rẹ̀ ń súfèé lábẹ́ orin.

"Kí ló dé tẹ́ ò pariwo? Kí ló dé tẹ́ ò jáde?"

"Kí n jáde, kí wọ́n ní èmi ni mo pa á?" Ó fún mi lọ́wọ́ pọ̀. "Rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń wò wá."

Mo gbé e wá sí Òkè Baálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn dókítà bá wa wá ẹ̀rọ tó ń fúnni ní afẹ́fẹ́, bátìrì mi ló sì ń gbé e, n kò fi wọ́n háyà fún ẹnikẹ́ni mọ́ ní gbogbo àkókò yẹn. Àwọn alábàágbé wa ṣe èèyàn, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́: ìyá arúgbó oníṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú wa fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láìtàn, ó ń fi àtùpà tajà. Ṣùgbọ́n àyà ìyá mi kò là. Ó ń dín kù lórí ibùsùn. Nígbà tí ohùn rẹ̀ bá ṣí díẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ èéfín. Ó máa ń bi ẹni tó bá wá kí i láti Iléṣà pé ṣé ariwo ìsìnkú náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá ní ó dé, á di ojú, á rẹ́rìn-ín.

Ó kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí mo ń fi omi nù ún lẹ́sẹ̀. Òṣù kan kò tíì pé lórí ikú bàbá mi.

Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn wòlé-wòlé. Èyí tó dàgbà nínú wọn ló wà níbẹ̀, ó dá mi mọ̀, ó tilẹ̀ yìn wá fún ìrẹsì náà. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó bá mi kẹ́dùn, ó yọ fìlà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwa ṣe tiwa. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. A ní kí wọ́n kọ ọ́ síbi tí kò séèyàn." Mo ní ìyá mi wà níbẹ̀. Ó ní, "Wọn ò sọ fún wa." Mo sì wá mọ̀ pé irọ́ kọ́ ló pa. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èèyàn wà níbẹ̀.

A sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Bátìrì ni wọ́n ní kí n gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, mo ní n kò gbé e, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n gbà á ti kọjá. Kò sí iná nílé wa lọ́jọ́ náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó ní iná tirẹ̀, Bàbá Kékeré gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ pásítọ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, omijé tòótọ́. Ó ní, "Ẹ wo ìyàwó rere! Kò lè dá gbé láyé lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣe opó rẹ̀ pé, ó palẹ̀ mọ́, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀." Gbogbo ìjọ mí kanlẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nu ojú, ó ní, "Irú ìfẹ́ wo lèyí!"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi ìyá mi kọ́ àwọn ọmọge. Bí wọ́n bá ń gba ọmọ tó fẹ́ relé ọkọ níyànjú nínú ẹbí wa, wọn á sọ̀tàn obìnrin tó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ débi pé kò lè mí mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Gbólóhùn tí wọ́n ń lò gan-an nìyẹn: kò lè mí mọ́. Mo ti jókòó níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n ń múra ìgbéyàwó ọmọ Bàbá Kékeré ọkùnrin, ìyàwó tí wọ́n fẹ́ gbé wọlé wá kúnlẹ̀ síwájú mi. Ọmọ dáadáa ni, ojú rẹ̀ mọ́, nọ́ọ̀sì ni. Ó ní, "Mà, ẹ bá mi gbàdúrà kí n lè fẹ́ràn ọkọ mi bí Yéye ṣe fẹ́ràn Bàbá."

Mo ní, "Èéfín ló pa á. Wọ́n kọ ẹnu jẹnẹrétọ̀ sí i lójú nínú yàrá tí kò lè jáde, bàbá ọkọ rẹ ló pàṣẹ. Kò sí ìfẹ́ kankan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọ́, o mọ ohun tí mò ń wí."

Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó gbà mí gbọ́. Ó wá dìde, ó gbọn eruku kúrò lórúnkún, ó wo ẹ̀yìn bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́ wa.

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, mà," ló wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀ ń ba ìyá yín jẹ́."

Ó sì lọ jókòó sáàárín àwọn ìyàwó ilé.